Orin Tí Dámilọ́lá Ń Fi Wẹ̀

Nínú ilé Nathaniel ní Ìlaròó, kò sí ohun tí kì í ṣe ìlù. Ìdérí ìkòkò, ìlù ni. Agolo mílíìkì tó ti tán, ìlù ni. Kódà póò tí wọ́n rà fún ọmọ nígbà tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ sílé ìgbẹ́, kò tíì jókòó lé e dáadáa tó fi dojú ẹ̀ délẹ̀, tó mú ṣíbí, tó sì ń lù ú títí ìdí póò fi là. Ẹni tó ń ṣe gbogbo èyí ni Dámilọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́rin. Olúwadámilọ́lá ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pe gbogbo ìyẹn tán kí ọmọ tó sá kọjá?

Bàbá rẹ̀ ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà tó ti ń rákò. Olùkọ́ ìṣirò ni Nathaniel nílé-ìwé girama, ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, òun ni atẹdùùrù ìjọ wọn, òun náà sì ni ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í kàn wo ọmọ lásán. Ó ń wò ó bí ẹni ń máàkì ìwé ìdánwò ni. Ó ti rí i pé bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń pariwo, Dámilọ́lá á máa mi orí sí i. Ó ti rí i pé bí oníbúrẹ́dì bá fọn fèrè kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá lójúde, ọmọ náà á fi ohùn kan náà dá a lóhùn láti inú ilé, oníbúrẹ́dì á sì dúró, á rò pé oníbàárà ni. Ó ti rí i pé kò lè jẹ ẹ̀bà láìkùn sínú láàárín òkèlè kan sí èkejì. Gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ Nathaniel nínú. Ó máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ni orin wà, bàbá òun náà tẹ dùùrù, kí ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ ṣe?

Aládùúgbò tó ni jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún ni Sàlímọ́tù, tó ń ta gààrí àti èlùbọ́ ní Ọjà-Ọ̀dàn. Asiyah ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ Dámilọ́lá. Bí Asiyah bá ti ilé-kéwú dé lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì á jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n á máa fi ohùn orin ka alífù, báù, wọ́n á máa mi ara síwá sẹ́yìn bí àfáà àgbà. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ Sọ́ńdè sukúù ní kí ọmọ tó bá mọ orin kan dìde kọ ọ́. Ọmọ ọ̀gá akọrin ló kọ́kọ́ nàró. Ó ka alífù, báù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣì í rárá. Edith, ìyá rẹ̀, fi ìwé orin bo ojú. Àlùfáà ìjọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi pẹpẹ mú.

Edith yìí, olùkọ́ ni òun náà, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń kọ́. Ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, lójú ìlà áltò. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ áltò ṣe rí. Sòpuránò ló ń gbé orin gan-an, èyí tí gbogbo ìjọ mọ̀ tí wọ́n sì ń bá kọ. Áltò ń rìn lábẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń gbé e ró, kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ọ̀dọ́bìnrin ìjọ ló sá lọ sí sòpuránò, ó wá ku Edith àti ìyá àgbà kan tó máa ń sùn nígbà ìwàásù.

Orin ìkórè ọmọdé ló dá wàhálà sílẹ̀. Ní ìjọ wọn, ọ̀gá akọrin ló máa ń ṣe orin tuntun fún ìkórè àwọn ọmọdé lọ́dọọdún. Ọmọ kékeré kan á dúró lórí àpótí níwájú pẹpẹ, á dá ẹsẹ kìn-ín-ní kọ, kí àwọn yòókù tó gbà á. Bàbá Alfred, bàbá Nathaniel, tó ti fẹ̀yìn tì sí Joga-Orílé báyìí, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àpótí náà nígbà tó wà nídìí dùùrù. Nathaniel fúnra rẹ̀ dúró lórí rẹ̀ nígbà tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, àwọn àgbà ìjọ kò sì tíì yéé ròyìn rẹ̀. Lọ́dún yìí, ó ti kan Dámilọ́lá. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀.

Ni Nathaniel bá jókòó, ó ṣe orin. Ó fara balẹ̀ ṣe é, nítorí ọmọ rẹ̀ ló máa kọ ọ́. Ó kọ ìlà sòpuránò sílẹ̀, ó kọ áltò, ó kọ tẹ́nọ̀, ó kọ báàsì. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò le:

Àgbàdo gbó, iṣu ta sínú ebè,
Òjò tó rọ̀, ìwọ lo rán an wá;
Ọwọ́ wa kún, a ò bọ̀ lófo,
Gba ọpẹ́ wa, Bàbá olóore.

Ó fi kọ́ àwọn akọrin. Láìpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ nílé. Dámilọ́lá ń kọ ọ́ fún bàtà, ó ń kọ ọ́ fún adìyẹ, ó ń fi agolo lù sí i. Nathaniel gbé gègé sílẹ̀, ó tẹ́tí. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ó fa ojú ro. Ọ̀rọ̀ orin náà pé, kò sáré, kò falẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò lọ síbi kankan. Níbi tí orin ti gòkè, ọmọ náà dúró. Níbi tí orin ti sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ọmọ náà kàn yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún padà, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi. Nathaniel gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, kò yí padà. Àyà rẹ̀ já. Ọmọ òun, ọmọ-ọmọ Bàbá Alfred, kò ní etí orin!

Ó lọ bá Edith nínú ilé ìdáná.

"Mọ́mì Dámi, ṣé ò ń gbọ́ nǹkan tí ọmọ yìí ń kọ?"

"Mò ń gbọ́. Ó ń ṣe dáadáa."

"Dáadáa kẹ̀? Orin náà kọ́ nìyẹn."

"Dádì Dámi, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ pé. Kí lẹ tún fẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin?"

"Ohùn ẹ̀ ńkọ́?"

"Ohùn gan-an ló dùn jù níbẹ̀," ni Edith wí, ó sì ń ro ẹ̀bà rẹ̀ lọ.

Nathaniel wò ó, ó mi orí. Etí ìyá nìyí, ló wí nínú ọkàn rẹ̀. Edith náà wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń jáde lọ, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìwé orin ya ọkùnrin yìí ní wèrè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ilé-ìwé ti gba ìsinmi ààrin táàmù, ó pe ọmọ náà sí pálọ̀, ó tan dùùrù kékeré oníbátìrì tó wà níbẹ̀, ó sì gbé e sórí àga. Inú Dámilọ́lá dùn. Ó gbé àgbọ̀n sókè bó ti ń rí i tí àwọn akọrin ń ṣe, ó kọ ọ́.

"Rárá, Dámi. Gbọ́ mi." Ó fi ìka kan tẹ ìlà sòpuránò fún un. "Ó yá."

Ọmọ náà gbọ́ ọ, ó mi orí pé ó yé òun, ó sì kọ ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ gan-an.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́, Dádì."

Ká ní ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà níbi tó ti gbọ́ ọ ni, ìtàn yìí ì bá parí síbí, kálukú ì bá sì bá tirẹ̀ lọ. Kò béèrè. Ọ̀mọ̀wé kì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ń kọ́ ọ ni. Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀, ọmọ náà tún un kọ, ó tún un kọ, gbọn-in gbọn-in lójú ibi tó wà, títí ọwọ́ Nathaniel fi rọ lórí dùùrù.

"Ó dáa, fi í sílẹ̀," ló wí. "Wisdom ọmọ Bọ̀dá Caleb ni yóò kọ orin náà. Ìwọ máa pàtẹ́wọ́ fún un."

Kò pariwo mọ́ ọn o. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Bóyá ohun tó jẹ́ kó wọ ọmọ náà lára tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Dámilọ́lá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga fúnra rẹ̀, ó mú agolo rẹ̀ nílẹ̀, ó lọ tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Edith ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Túnbọ̀sún àbúrò rẹ̀ ló bímọ ní Ayétòrò, ó sì ń lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun títí ìsinmi náà yóò fi parí. Ọ̀fìnkìn ń yọ Dámilọ́lá lẹ́nu díẹ̀, wọn kì í sì í gbé ọ̀fìnkìn wọ ilé ọmọ tuntun, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ní láti dúró ti bàbá rẹ̀.

"Ọ̀gá Akọrin, ẹ kú iṣẹ́," ni Edith wí.

Bí Edith bá pe ọkọ rẹ̀ ní Ọ̀gá Akọrin nínú ilé, kí ọkùnrin náà yáa wá ibi sá sí ni. Ó fẹnu ko ọmọ rẹ̀ lórí, ó ní kí wọ́n má gbàgbé òògùn ọ̀fìnkìn, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí gáréèjì.

Ilé wá dákẹ́. Nathaniel kò kọ́kọ́ kà á sí. Ó máàkì ìwé, ó sinmi, ó ní ìdákẹ́rọ́rọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n bó ti ń jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gbọ́ ìró ẹnu ara rẹ̀. Ó gbójú sókè. Dámilọ́lá ń jẹ ẹ̀bà, kò kùn. Oníbúrẹ́dì kọjá, ó fọn fèrè, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Oníbúrẹ́dì pàápàá fẹsẹ̀ dúró díẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà wọn, kó tó lọ.

Ẹ̀rù ba Nathaniel. Ó ra bisikíìtì fún ọmọ náà, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ó mú ìdérí ìkòkò fúnra rẹ̀, ó lù ú bí ẹni orí rẹ̀ dàrú. Ọmọ náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ fún un bí àgbàlagbà ṣe ń rẹ́rìn-ín fún ọmọdé, ó sì jáde lọ bá Asiyah.

Ọ̀dọ̀ Sàlímọ́tù ló ti ń wẹ̀ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ, òun àti Asiyah nínú báàfù kan náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Sàlímọ́tù mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún wọn, ó sì dúró ní ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Dámi, ẹ má bínú o. Ilé yín dákẹ́ jù. Ṣé ara ọmọ yìí le ṣá?"

"Ọ̀fìnkìn ni, Ìyá Asiyah. Ó ti ń lọ."

Asiyah yọ orí lẹ́yìn ìró ìyá rẹ̀. "Kì í ṣe ọ̀fìnkìn," ló wí. "Dádì ẹ̀ ní kò mọ orin kọ."

Sàlímọ́tù fa ọmọ rẹ̀ létí, ó ní ta ló bi í. Ó bẹ Nathaniel pé kó má dá ọmọdé lóhùn. Nathaniel rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wọlé, kò sì lè jẹ ẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tíì sọ sí i rí tó dùn ún tó ti ọmọ yẹn. Ó dùn ún nítorí òótọ́ ni.

Ní ọjọ́ kejì, ọjà ká Sàlímọ́tù mọ́ Ọjà-Ọ̀dàn, òjò sì dá òun àti Asiyah dúró síbẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tó máa wẹ̀ fún Dámilọ́lá àfi bàbá rẹ̀. Nathaniel gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báàfù, ó ká apá ẹ̀wù, ó mú ọṣẹ àti kànìnkànìn, ó sì bu omi.

"Dádì, ẹ ò tíì kọrin."

"Orin wo?"

"Mọ́mì máa ń kọrin kí wọ́n tó da omi."

Nathaniel gbé omi náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ohùn rẹ̀. Ọlọ́run fún un ní ìka, ṣùgbọ́n ohùn tó fi kọrin lórí àpótí ti bá ìgbà èwe lọ. Ohùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti dípẹtà, ìdí nìyẹn tí kì í fi kọrin sókè, ó máa ń fi dùùrù sọ ohun tó bá fẹ́ sọ ni. Ṣùgbọ́n omi ń tutù, ọmọ ń wò ó. Kò rí orin mìíràn tó wá sí i lórí àfi orin ìkórè tó ṣe fúnra rẹ̀. Ó kọ ọ́, ó da omi, ó kọ ọ́, ó ń fọ apá, ó ń fọ ẹsẹ̀. Ọmọ náà kò gbè é. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.

Ó dé orí. Ó fi ọṣẹ ra irun, ìfófòó ṣàn kalẹ̀, Dámilọ́lá di ojú rẹ̀ pinpin. Bóyá nítorí kò rí ojú bàbá rẹ̀ mọ́ ni. Lábẹ́ ìfófòó yẹn, ohùn kékeré kan jáde.

*Òjò tó rọ̀, ìwọ lo rán an wá.*

Ohùn kan náà ni, èyí tí kì í lọ síbi kankan. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí bàbá rẹ̀ ń kọ tirẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣe ohun tí Nathaniel kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti ń sọ pé ọmọ náà ń ṣì í. Ó bọ́ sí i. Ohùn méjèèjì wọ ara wọn wẹ́kú. Ara Nathaniel bù máṣọ. Ó ń bá a lọ, kò fẹ́ dánu dúró. Ó ṣì í níbì kan, ọmọ náà kò ṣì í. Wọ́n dé *Bàbá olóore*, òun dúró lórí dò, ọmọ rẹ̀ dúró lórí mí, gbọn-in, bó ti yẹ kó rí.

"Áltò!" ni Nathaniel ké. "Áltò ni!"

Ariwo náà dẹ́rù ba ọmọ, ó la ojú, ọṣẹ kó sí i, ó figbe ta. Nathaniel ń da omi sí i lójú, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ojú tirẹ̀ náà ń bọ̀, kò sì mọ èyí tí í ṣe omi ìwẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wé táwẹ̀lì mọ́ ọn, ó gbé e lọ sí pálọ̀, ó fi ọwọ́ tútù tẹ ìlà áltò lórí dùùrù. Nóòtì sí nóòtì, ohun tí ọmọ náà ń kọ ni. Ó tẹ orin mìíràn tí àwọn akọrin mọ̀, ó ní kó kọ ọ́. Ó kọ áltò rẹ̀. Ó tẹ òmíràn, ó kọ áltò rẹ̀ pẹ̀lú.

Ojú ti Nathaniel. Òun ló ṣe orin yìí. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà áltò náà sílẹ̀. Ó dúró síwájú àwọn akọrin, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ní ó dára. Ọmọ rẹ̀ wá kọ ọ́ fún un láìṣì níbìkan, ó ní kò ní etí.

Ó pe Edith, ó sì tẹ fóònù kí ohùn lè jáde síta. Ọmọ tuntun ń ké lẹ́yìn.

"Kí ló dé? Ṣé ara ọmọ mi yá?"

"Edith, nígbà tí o bá ń wẹ̀ fún Dámi, orin wo lo máa ń kọ?"

"Orin kúáyà ni, ká lè dánra wò. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé èmi nìkan ló jí lójú ìlà wa ni? Tí mi ò bá dánra wò, àwọn sòpuránò yín á gbé mi lọ."

"Áltò lo wá ń kọ fún un?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n kọ? Báàsì?" Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé Edith. "Ó yá, ẹ dúró ná."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Nathaniel wí. "Ìlà áltò ni ọmọ yìí ń kọ láti ọjọ́ yìí. Ìwọ náà ò sì mọ̀?"

"Láti girama ni mo ti ń kọ áltò, Dádì Dámi. Létí tèmi, orin náà gan-an nìyẹn. Mo kàn ń sọ pé ọmọ mi ń kọ ọ́ dáadáa, ẹ ò gbọ́." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí Túnbọ̀sún fi ń béèrè lẹ́yìn pé kí ló ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹ ti bẹ ọmọ mi?"

Nathaniel kúnlẹ̀ síwájú Dámilọ́lá nínú táwẹ̀lì rẹ̀. "Dámi, Dádì ló ṣì í. Jọ̀ọ́, má bínú. O mọ orin kọ. O mọ̀ ọ́n kọ ju Dádì lọ. Wàá kọ ọ́ ní ìkórè."

Ọmọ náà wò ó. "Ẹ ní kí n pàtẹ́wọ́."

"Mo ṣì í ni. Wàá kọrin."

Dámilọ́lá mi orí, ṣùgbọ́n bí ẹni tó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ dìde nílẹ̀ ló ṣe mi í.

Kò sì ṣeé gba orin lọ́wọ́ Wisdom mọ́. Caleb bàbá rẹ̀, ọ̀gá àwọn tẹ́nọ̀, ti ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí ní Ìmásàyí. Èyí kò le: Wisdom á kọ orin gan-an, Dámilọ́lá á kọ áltò. Nítorí pé àpótí Bàbá Alfred kò gba ju ọmọ kan lọ, wọ́n da aṣọ funfun bo kéréètì mínírà kan, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi dánra wò, ìdí báàfù nìkan ni Dámilọ́lá ti ń kọrin. Níwájú pẹpẹ, ẹnu rẹ̀ kì í yà. Edith ti dé láti Ayétòrò, ó ní kí wọ́n má fipá mú un. Nathaniel kò fipá mú un, ṣùgbọ́n oorun kò kùn ún.

Ọjọ́ ìkórè pé. Wọ́n fi màrìwò àti àgbàdo ṣe pẹpẹ lọ́ṣọ̀ọ́, ọ̀pẹ òyìnbó àti iṣu kún ilẹ̀. Ẹbí Caleb gba ìjókòó iwájú. Bàbá Alfred ti Joga-Orílé wá, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sí ààrin ẹsẹ̀. Sàlímọ́tù àti Asiyah jókòó lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú ìbòrí wọn, nítorí Asiyah ní òun kò ní jẹun bí òun kò bá rí ọ̀rẹ́ òun.

Nathaniel tẹ ìbẹ̀rẹ̀ orin. Wisdom la ẹnu, ohùn rẹ̀ dùn, gbogbo ìlà Ìmásàyí ń mi orí. Dígí kékeré kan wà lókè dùùrù tí atẹdùùrù fi ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nathaniel wo inú rẹ̀. Dámilọ́lá dúró lórí kéréètì nínú aṣọ òfèéfèé rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó ń pa á lásìkò gan-an, kò yẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí Nathaniel sọ nínú pálọ̀ ló ṣì wà nínú ọmọ náà, gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó tẹ̀lé e kò sì tíì yọ ọ́. Ẹsẹ kìn-ín-ní parí. Ọkàn Nathaniel gbọgbẹ́.

Ó wá ṣe ohun tí ìjọ náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù láàárín orin, ó yí padà sí ọmọ rẹ̀ lórí ìjókòó. Ó di ojú pinpin, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sórí irun ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra á bí ẹni tí wọ́n da ọṣẹ sí lórí. Ó la ẹnu, ilẹ̀kùn tó dípẹtà yẹn dún nínú ilé Ọlọ́run, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin: *Àgbàdo gbó, iṣu ta sínú ebè...*

Àwọn sòpuránò wo ara wọn. Bàbá Alfred na ọrùn. Àlùfáà ń wò bóyá kí òun pe dókítà.

Dámilọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbé e débi pé ó gbàgbé àtẹ́wọ́. Ó di ojú tirẹ̀ náà pinpin, ó gbé ọwọ́ sórí irun rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, ó ń ra á, ó sì wọlé lábẹ́ ohùn bàbá rẹ̀ àti ti Wisdom, lójú ibi tó mọ̀. *Òjò tó rọ̀, ìwọ lo rán an wá.* Àwọn kan kọ́kọ́ fa ojú ro, wọ́n rò pé ọmọ náà ṣì í. Lẹ́yìn náà, bí orin náà ti ń lọ, ojú wọn là. Ìyá àgbà tó máa ń sùn jí, ó ní, "Tiwa nìyẹn!" Edith kò bá wọn kọ ọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń sunkún, ó fi ìlà náà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Bàbá Alfred ń fi ọ̀pá lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́ lásìkò orin. Láti ẹ̀yìn pátápátá, Asiyah kígbe pé, "Dámi! Ó mọ̀ ọ́n kọ!" Ìyá rẹ̀ kò fà á létí lọ́tẹ̀ yìí.

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí àlejò ti lọ, Edith gbé omi ìwẹ̀. Nathaniel gba kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní iṣẹ́ òun ni. Agolo mílíìkì ti jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà nínú báàfù pẹ̀lú ọmọ. Nathaniel da omi, ó fi ọṣẹ ra orí, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí òun náà kọ ìlà ọmọ òun wò. Ó bẹ̀rẹ̀ áltò.

Dámilọ́lá la ojú kan nínú ìfófòó.

"Dádì, tèmi nìyẹn," ló wí. "Ẹ kọ tiyín."

Ni Nathaniel bá kọ tirẹ̀.